Irun àti eyín nínú ilé ẹyin ọmọbìnrin: dermoid kì í ṣe oyún

Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó kọ̀wé sí mi nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 24, tí apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn ti ń dùn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ṣe síkáàn fún un ní Ìjẹ̀bú-Òde, èsì tí wọ́n kọ sì sọ pé dermoid cyst, ìyẹn kókó kan tí ó dà bí àpò, tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 7 wà ní ilé ẹyin ọ̀tún. Ẹni tí ó ṣe síkáàn náà sì fi ẹnu sọ fún wọn pé irun àti eyín lè wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé kò ti rójú. Àbúrò ọkọ ìyá yìí sọ lójú mọ̀lẹ́bí pé oyún tí ọmọ náà ṣẹ́, tí kò jáde tán, ni ó di bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ aráyé ni. Àwọn àna sì ti ń béèrè ohun tí ó dé tí a fi sún ọjọ́ ìdána síwájú. Ìyá náà béèrè pé: “Dókítà, ṣé ọmọ mi ti lóyún rí ni? Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé àgbo lè yọ́ ọ, àbí kí a gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ? Ṣé yóò bímọ?”

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó ká yín lára jù. Dermoid kì í ṣe oyún, kì í ṣe ìyókù oyún, kò sì sí ohun tí ọmọ yín ṣe tí ó fà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irun àti eyín inú rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ọmọ yín ti lóyún rí, irọ́ ni ó ń pa mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ ni ó jẹ́ kí ó pa á.

Ọjọ́ tí a bí ọmọbìnrin ni gbogbo ẹyin tí yóò lò láyé ti wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tó mílíọ̀nù kan sí méjì. Inú àwọn àpò kékeré méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ, lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n ń gbé; àwọn ni a ń pè ní ilé ẹyin. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ní agbára láti di ẹ̀yà ara èyíkéyìí, nítorí láti inú ẹyin ni awọ, egungun, ọpọlọ àti ìfun gbogbo wa ti jáde. Ó yẹ kí ẹyin dúró títí àtọ̀ ọkùnrin yóò fi bá a, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú wọn a dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ọkùnrin àti láìsí ètò kankan. Yóò di awọ, awọ yóò hu irun, yóò sì máa tú ọ̀rá jáde bí awọ ara wa ṣe ń tú u. Egungun tàbí eyín lè yọ níbẹ̀, ẹran ara tí ó jọ ti ọpọlọ tàbí ti ẹṣẹ́ ọrùn sì lè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo irú kókó tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ara bá pàdé nínú rẹ̀ báyìí ni àwa dókítà ń pè ní teratoma. Èyí tí ẹran rẹ̀ ti gbó dáadáa, tí ó jẹ́ àpò, tí awọ àti irun sì pọ̀ nínú rẹ̀, ni a ń pè ní dermoid. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí ń ti inú ẹyin obìnrin jáde, àwọn obìnrin tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó sì máa ń hàn lára wọn jù.

Ẹ̀rí tí ó dáhùn ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1975, David Linder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àbùdá tí ó wà nínú irú kókó yìí, wọ́n sì fi hàn pé inú ẹyin obìnrin nìkan ni ó ti wá, pé kò sí ìpín bàbá kankan nínú rẹ̀. Oyún kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí oyún tí kò ní ìpín ọkùnrin tí ó fún obìnrin ní oyún náà. Ẹ tún wò ó pé a ń rí dermoid lára ọmọdébìnrin tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Teratoma a máa wà ní ìdí egungun ìrù ọmọ tuntun, nǹkan bí ọ̀kan nínú ìbí 35,000 sí 40,000; ó máa ń wà nínú kóró ẹpọ̀n ọkùnrin; ó máa ń wà láàárín àyà, níwájú ọkàn, lára tọkùnrin tobìnrin. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ta ni ó ṣẹ́ oyún?

Kì í sì í yára dàgbà. Àwọn tí wọ́n fi síkáàn tẹ̀ lé e lọ́dọọdún lára àwọn obìnrin tí wọ́n ṣì ń ṣe nǹkan oṣù rí i pé ìdàgbà rẹ̀ kì í sábà tó mìlímítà 2 lọ́dún kan. Èyí tí ó ti tó sẹ̀ǹtímítà 7 lónìí ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ yín ṣì wà ní kékeré, láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Iṣẹ́ mi gan-an ni kíka àwòrán inú ara, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń dá nǹkan yìí mọ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè nígbà tí wọ́n bá gbé èsì mìíràn fún yín. Mo ti wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí wọ́n la irú àpò yìí lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ tán. Ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè ni ó kọ́kọ́ tú jáde. Ó ń ṣàn nígbà tí ó ṣì gbóná bí ara, ṣùgbọ́n bí ó ti pẹ́ díẹ̀ nínú abọ́, ó dì bí epo pupa ṣe ń dì lásìkò ọyẹ́. Irun lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rá náà ní ìdì kan. Lára ògiri àpò náà ni òkè kékeré kan wà tí irun ọ̀hún ti hù jáde, ara òkè yẹn ni eyín kan sì dúró sí, funfun, ó le, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó dì í mú. Orúkọ Carl von Rokitansky, onímọ̀ àìsàn tí ó ṣiṣẹ́ ní Vienna ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a fi ń pe òkè kékeré yẹn títí dòní. Gbogbo ohun tí a ń wá lójú ẹ̀rọ kò ju ọ̀rá, irun, òkè kékeré àti eyín yìí lọ.

Ẹ̀rọ síkáàn ń rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sínú ara, ó sì ń fi èyí tí ó bá padà ya àwòrán. Omi lásán kì í dá ohùn yìí padà, nítorí náà dúdú ni ó máa ń rí. Ọ̀rá àti irun a máa dá a padà púpọ̀, wọ́n á sì funfun. Eyín àti egungun a dí i lọ́nà pátápátá, òjìji dúdú á sì nà sẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo bá rí àpò kan nínú ilé ẹyin, tí nǹkan funfun roboto kan rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, tí òjìji sì wà lẹ́yìn rẹ̀, Rokitansky ni mo kọ́kọ́ máa ń rò. Bí mo bá tún rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ funfun àti àwọn àmì kékeré tí wọ́n fọ́n ká inú omi àpò náà, mo mọ̀ pé irun ni wọ́n. Nígbà mìíràn ọ̀rá á léfòó lórí omi, ìlà kan á sì pín wọn sí méjì gbọọrọ. Ó tilẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, bí kò tiẹ̀ wọ́pọ̀, pé ọ̀rá náà á ṣù ní róbótó-róbótó tí wọ́n á máa léfòó kiri. Bí a bá ti rí ìyẹn, iyè méjì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́.

Ibi tí ó ṣòro ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ọ̀rá àti irun tí wọ́n bá lọ́ pọ̀ gan-an a máa gbé ohùn náà mì tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi rí iwájú kókó nìkan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á pòórá. Kókó ńlá lè tipa bẹ́ẹ̀ dà bí kékeré. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ sì lè rò pé ìfun tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ ni ó ń wò, kí ó sì kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn èsì tí ó kàn sọ orúkọ kókó tán tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì tí ó péye yóò sọ ìwọ̀n kókó náà ní ìbú, ní òró àti ní ìjìnlẹ̀. Yóò sọ bóyá àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ wà. Yóò sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú ibi tí ó le. Yóò sì sọ bí ilé ẹyin kejì ti rí, nítorí pé nínú obìnrin 100 tí ó ní dermoid, ó máa ń wà ní apá méjèèjì lára nǹkan bí 10. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ṣàn nínú ọ̀rá àti irun. Nígbà tí mo bá rí ibi tí ó le tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ dáadáa, n kì í fi ọwọ́ sí i pé dermoid lásán ni, àfi kí a tún un wò.

Wọ́n lè bi yín bóyá kí wọ́n ṣe síkáàn náà láti ojú ara. Ọ̀nà yẹn ń fi ilé ẹyin hàn kedere ju ti orí ikùn lọ, ṣùgbọ́n a kì í ṣe é fún ọmọ tí kò tíì mọ ọkùnrin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò mu omi púpọ̀ kí àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè kún, a ó sì ti orí ikùn wò ó. Ọmọ yín ni kí wọ́n bi ní ìbéèrè yìí, ní òun nìkan, kí ó sì dáhùn láìsí pé ìyá tàbí ẹbí dúró tì í.

Ẹ kò nílò láti sáré lọ ṣe CT, irú àyẹ̀wò àwòrán inú ara mìíràn. Òótọ́ ni pé ó ń dá ọ̀rá mọ̀ láìṣìnà, nítorí pé nọ́ńbà ni ó fi ń díwọ̀n ohun tí ó rí: omi wà ní òdo, egungun ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, ọ̀rá sì wà nísàlẹ̀ òdo, ní nǹkan bí 100. Bí a bá rí ọ̀rá nínú kókó tí ó ti inú ilé ẹyin jáde, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n CT ń lo ìtànṣán bíi ti X-ray, ó sì wọ́n, a kì í sì í fẹ́ kí ìtànṣán kọjá níbi ẹyin ọ̀dọ́mọbìnrin láìnídìí. Bí iyè méjì bá wà, MRI, àyẹ̀wò tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ni èmi yóò yàn, nítorí kò ní ìtànṣán. Nínú irú àwòrán MRI kan, ọ̀rá máa ń tàn, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti pẹ́ náà sì máa ń tàn, a kò sì ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. A ó wá pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá nìkan, kí a tún un yà. Èyí tí ó bá dúdú lẹ́yìn náà, dermoid ni. Èyí tí ó bá ṣì ń tàn, ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ àìsàn tí awọ inú ilé ọmọ máa ń hù sí ilé ẹyin, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n lè jọ ọ́ lójú síkáàn. Àpò tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin jáde lè jọ ọ́, ṣùgbọ́n irú ìyẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá tún síkáàn ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, a kò ní bá a mọ́, nígbà tí dermoid yóò ṣì wà níbẹ̀. Fibroid tí ó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ náà lè tan ènìyàn. Ní ti oyún tí ó kú tí ó sì di òkúta sínú ikùn, tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó kàn ṣọ̀wọ́n gidigidi ni. Ẹ̀yìn àti egungun ìhà ọmọ a hàn létòlétò nínú àwòrán irú rẹ̀. Nínú dermoid, eyín lè wà, kí egungun díẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ètò. Ó tún yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún fún ọmọ yín gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún gbogbo ọ̀dọ́mọbìnrin tí ikùn ń dùn. Kí ẹ má ṣe kà á sí ẹ̀sùn.

Ní ti jẹjẹrẹ, ẹ fi ọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nínú dermoid 100, kì í ju ọ̀kan tàbí méjì lọ tí ó máa ń di jẹjẹrẹ, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró lára wọn ni èyí sì sábà ń ṣẹlẹ̀ sí. Teratoma kan tún wà tí ẹran inú rẹ̀ kò tíì gbó, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò tíì pé 20 ọdún ni ó sì máa ń mú jù. Ìyẹn ń yára dàgbà, ibi tí ó le nínú rẹ̀ máa ń pọ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ a kéré a sì fọ́n ká, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè ju iṣẹ́ abẹ nìkan lọ. Nítorí èyí ni dókítà ṣe lè gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín láti wo ohun tí a ń pè ní AFP àti hCG, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè pọ̀ sí i bí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá wà, ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ohun tí ó ń já mi láyà jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni pé kókó náà lè mú kí ilé ẹyin yí po lórí okùn tí ó so ó rọ̀. Kókó tí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ni èyí sábà ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ mú kí ó lè máa rìn kiri nínú ikùn. Bí ó bá yí, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ilé ẹyin mọ́, ó sì lè kú sínú. Ìrora á dé lójijì, yóò le gan-an, ó lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀, èébì a sì tẹ̀ lé e. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lóru, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá egbòogi ìrora. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ mú èsì síkáàn tí ó wà lọ́wọ́ yín dání, kí ẹ sì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé dermoid wà nínú rẹ̀. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ilé ẹyin á wú, ó lè ti kúrò ní àyè rẹ̀ bọ́ sí àárín, a sì lè rí okùn rẹ̀ tí ó lọ́ po. Bí síkáàn bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn díẹ̀, ìyẹn kò sọ pé kò yí. Bí wọ́n bá sì tètè tú u, ilé ẹyin tí ó ti dúdú pàápàá sábà máa ń sọ jí.

Kókó náà tún lè bẹ́, bí kò tiẹ̀ wọ́pọ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ a sì mú gbogbo inú ikùn wú. Nítorí náà, ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ pa ikùn ọmọ náà tàbí kí ó wọ́ ọ pé òun ń tú kókó. Ní ti àgbo, n kò ní bú ohun tí àwọn bàbá wa lò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni irun, eyín àti awọ, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè mu tí yóò yọ́ wọn. Ewu tí ó wà nínú àgbo ni pé yóò fi àkókò ṣòfò títí kókó yóò fi yí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ṣọ̀wọ́n, tí n kò sì lè fo nítorí bí a ṣe ń túmọ̀ nǹkan nílé wa. Ní ọdún 2007, Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé àìsàn ọpọlọ kan tí teratoma inú ilé ẹyin lè fà: ara á bá ẹran ọpọlọ tí ó wà nínú kókó náà jà, ìjà náà á sì dé ọpọlọ orí. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ara rẹ̀ dá tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, á máa rí ohun tí kò sí, gìrì á mú un, ó sì lè dákẹ́ láìmira. Bí a bá tètè yọ kókó náà, tí a sì fi oògùn bá ìjà ara wí, ọ̀pọ̀ wọn ń bọ̀ sípò. Bí ìwà ọmọ yín bá yí padà lójijì báyìí, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilé aláàdúrà, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ pé dermoid wà nínú ilé ẹyin rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a yọ ọ́, nítorí ó ti tó sẹ̀ǹtímítà 7, ó ń dùn ún, ọmọ náà sì ṣì kéré. Ká ní kò tó 5 ni, tí kò sì dùn ún, a lè máa fi síkáàn ṣọ́ ọ. Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, kí ẹ sì béèrè dókítà tí ń tọ́jú àìsàn obìnrin. Ẹ bi í bóyá kókó náà nìkan ni yóò yọ tí yóò sì fi ilé ẹyin sílẹ̀, nítorí ohun tí a fẹ́ fún ọmọ ọdún 24 nìyẹn. Ẹ bi í bóyá wọ́n lè gba ojú ihò kékeré lára ikùn ṣe é, bí wọ́n ṣe máa gbé kókó náà jáde nínú àpò kí ọ̀rá má bàa dà sí ikùn, àti bí wọ́n ṣe máa fi omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ibẹ̀ bí ó bá dà. Bí ẹbí bá fẹ́ rí ohun tí wọ́n yọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Pàápàá jù lọ, ẹ jẹ́ kí àbúrò ọkọ yín rí i. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá yín lọ sílé fún ìsìnkú tàbí fún ètùtù. Yàrá àyẹ̀wò ni kí ó lọ, kí wọ́n gé e wò lábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni a ti lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀.

Yóò bímọ. Ilé ẹyin òsì rẹ̀, bí síkáàn bá fi hàn pé ara rẹ̀ dá, tó fún oyún níní, èyí tí ó kù ní apá ọ̀tún náà yóò sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tún lè mú ọjọ́ ìdána. Bí wọ́n bá la ikùn, ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó gbé ohun tí ó wúwo. Bí ó bá jẹ́ ti ojú ihò kékeré, yóò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún àwọn àna pé iṣẹ́ abẹ kókó ilé ẹyin ni ọmọ fẹ́ ṣe, bí ọmọ náà bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ó tún síkáàn ṣe, nítorí òmíràn lè hù ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì, kí ó sì sọ fún dókítà oyún rẹ̀ nígbà tí ó bá lóyún pé wọ́n ti yọ ọ̀kan rí.